Bí a ṣe ń fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba wéra ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogí

Èsì WAEC ọdún 3 tó tẹ̀ léra ni kí ẹ béèrè. Ọdún kan ṣoṣo máa ń tanni jẹ. Ẹ ka àwọn tó gba kírẹ́díìtì 5, A1 sí C6, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà níbẹ̀, kí ẹ fi iye tó jókòó ìdánwò pín in, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Bí ọmọ 27 bá yege nínú 60, 45 nínú 100 nìyẹn. Ẹ wo iye ọmọ tó wà ní SS3 gan-an pẹ̀lú: bí wọn ò bá forúkọ àwọn tó rẹ̀yìn sílẹ̀, èsì á dán lójú lásán. Àwọn ọmọ yẹn gan-an ló sì nílò olùkọ́ jù.

Ẹ ya olùkọ́ tí ìjọba gbà sọ́tọ̀ kúrò lára àgùnbánirọ̀ àti àwọn tí ẹgbẹ́ òbí ń sanwó fún. Bó bá jẹ́ àgùnbánirọ̀ nìkan ló ń kọ́ni ní Físíìsì, iṣẹ́ náà lè dá dúró bó bá ti lo ọdún rẹ̀ tán.

Ẹ wọ yàrá sáyẹ́ǹsì fúnra yín. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi. Bí kò bá sun, tí eruku sì bo àwọn ìgò, a jẹ́ pé ìgbà ìdánwò nìkan ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn rẹ̀.