Kí Katapílà Tó Wọ Ilẹ̀ Ahoro

Òkun o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ oko di ilé láti Kàbbà dé Ẹ̀gbẹ̀. Bí a ṣe ń walẹ̀ wá ohun àtijọ́ kí ilé tó bò ó mọ́lẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ilẹ̀ kan ṣoṣo lágbègbè wa lè ti gba ẹni tó ń fi òkúta gé ẹran, ó lè gba alágbẹ̀dẹ tó ń yọ́ irin, kó tún gba àwọn tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lẹ́yìn ogun Nupe. Ní ihò àpáta Itaakpa, ní Ifẹ̀-Ìjùmú, àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun àgbọ̀n ènìyàn tó ti lé ní 2,000 ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè wa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ bí a ṣe ń wa á, ó lọ nìyẹn.

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Òfin ọdún 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun àtijọ́, sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ wọn. Wọ́n ní mùsíọ́ọ̀mù ní Lọ́kọ́ja. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ kí ọba àti àwọn àgbà. Ẹ béèrè orúkọ ilẹ̀ náà, ahoro ta ni, níbo ni ojúbọ wà, níbo ni wọ́n ń sin òkú sí. Igi osè tàbí pèrègún tó tò tẹ̀léra láàárín oko, ẹ má kàn kọjá lára rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló sábà máa ń gbìn ín.

Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, nígbà tí iná ti jó koríko, ni kí ẹ rìn ín. Ẹ to ènìyàn sí ìlà kan, mítà 5 láàárín ẹnì kan sí èkejì. Ẹ pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin mítà 20 sí 20, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rá tirẹ̀ tó ní nọ́ńbà, tí ẹ ó máa ṣa ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ sí. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ ebè iṣu wò dáadáa, torí ọkọ́ ti gbé àpáàdì sókè síbẹ̀. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ́ irin, àti yangí máa ń jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Ìdàrọ́ sábà máa ń ní ojú dídán bíi dígí àti ipa ibi tó ti ṣàn bí oyin. Yangí kì í ní in. Ẹ rántí pé òjò máa ń fọ àpáàdì láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ibi tó pọ̀ sí jù lè má jẹ́ ibi tí wọ́n gbé.

Wàyí o, ẹ la kòtò ìdánwò. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà níbùú-lóròó. Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ìdá 4 nínú 100 wò, kòtò 10 tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní mítà 2, ló máa gbà. Katapílà lè ṣí ilẹ̀ oko tó wà lókè, ṣùgbọ́n kí ẹnu rẹ̀ má ní eyín, nítorí eyín máa ń ya ohun tí ẹ ń wá. Kí ẹnì kan dúró tì í, kí ó dá a dúró níbi tí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti yí padà.

Láti ibẹ̀ lọ, tírówẹ̀lì bíríkìlà ni. Ẹ tẹ̀lé ìpele ilẹ̀ bí ó ṣe wà, èyí tó wọlé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ jáde. Níbi tí ìpele kò bá hàn, ẹ wa sẹ̀ǹtímítà 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi asẹ́ olójú mílímítà 5 jọ gbogbo erùpẹ̀.

Ojú òpó ilé àtijọ́ ló máa ń tan àwọn tuntun jẹ. Òpó ti jẹrà, erùpẹ̀ dúdú ti dí ihò rẹ̀, oòrùn ọ̀sán sì ti sọ gbogbo ilẹ̀ di àwọ̀ kan. Ẹ ha á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi páǹpù oko tí kò tíì ru oògùn rí wọ́n omi sí i bí ìrì, kí ẹ dúró díẹ̀. Á yọ bí àwo kékeré, á dúdú, á sì rọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wa ìdajì, kí ẹ ya àwòrán ojú tí ẹ gé, kí ẹ tó wa ìdajì kejì. Bó bá ń ya ẹ̀ka tó ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, gbòǹgbò igi ni. Bó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀nà, òkété ló gbẹ́ ẹ, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò sì ṣeé fi ka ọdún.

Fún ọjọ́ orí, àpáàdì tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí lára kò lè ṣáájú ọdún 1500, torí òkè òkun ni àgbàdo ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò tábà. Èédú ni ẹ ó fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ yan èèpo ẹ̀kùrọ́ tó jóná ju èédú igi ńlá lọ, torí inú igi ńlá lè ti gbó ju iná tó jó o lọ fíìfíì. Ẹ fi tírówẹ̀lì kó o sínú fọ́ìlì, kì í ṣe ọwọ́.

Bí egungun ènìyàn bá yọ, iṣẹ́ dúró. Ẹ bò ó, ẹ pe ọlọ́pàá, ẹ pe àwọn àgbà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹbí ẹnì kan ni.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ àpáàdì, kí ẹ sá a síbi òjìji. Ẹ má fi omi kan irin, ẹ má sì fọ àpáàdì tí oúnjẹ ṣì lẹ̀ mọ́ nínú. Lẹ́yìn èyí lẹ lè bá onílé jókòó sídìí àwòrán púlọ́ọ̀tì rẹ̀. Nígbà mìíràn, kí a sún ilé mítà 15 péré ti tó. Ojú ahoro á di ọgbà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sí ìsàlẹ̀ kòtò kí ẹ tó dí i, kí ẹni tó bá tún wa á lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tí ẹ dé. Ẹ tẹ ìwé àbọ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta: ti mùsíọ́ọ̀mù, ti ààfin, ti onílé.