Tíráìkì yín fẹ́ sọdá òkun: bẹ́ ẹ ṣe máa dì í àti ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbé e gbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK tẹ́ ẹ ń gun tíráìkì, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa ń fẹ̀yìn tì tẹ́ ẹ na ẹsẹ̀ síwájú, tí táyà méjì wà níwájú tí ọ̀kan wà lẹ́yìn, tó sì ń wù yín láti fi rin etí odò Rhine tàbí kẹ́ ẹ kàn fi yí Netherlands ká, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Tí ọkọ̀ ojú omi bá lè gbé yín débẹ̀, ẹ má wulẹ̀ ro ti bàálù rárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ẹ̀yìn tó ń dùn wá tàbí ọwọ́ tí ò lágbára mọ́ ló gbé wa dórí tíráìkì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ò ṣe é gùn mọ́, tí wọ́n bá wá ba irin ẹ̀ jẹ́ ní éápọ́ọ̀tù, níbo lẹ ti fẹ́ rí òmíì tó máa bá ara yín mu yá lọ́hùn-ún? Ìrìn àjò parí nìyẹn.

Láti Harwich, Stena Line ń lọ Hoek van Holland. Láti Hull, P&O ń lọ Rotterdam, DFDS sì ń gbéra ní Newcastle lọ sí IJmuiden lẹ́bàá Amsterdam. Tó bá jẹ́ France tàbí Spain ló wù yín, Brittany Ferries wà ní Portsmouth àti Plymouth. Èmi á ní kẹ́ ẹ mú ti Harwich, torí Hoek van Holland gan-an ni EuroVelo 15, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó tọ odò Rhine wá láti orí òkè ní Switzerland, parí sí, bẹ́ ẹ ṣe ń jáde nínú ọkọ̀ lẹ ti bọ́ sójú ọ̀nà.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló sábà máa ń mọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ẹ wọn gígùn ẹ̀ àti fífẹ̀ ẹ̀ (ọ̀pọ̀ ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 90, kò sì gùn ju bíi mítà méjì lọ), kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fèsì lórí ímeèlì, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kẹ́ ẹ mú un dání. Ẹni tó wà létíkun lọ́jọ́ náà kọ́ lẹ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù o. Bẹ́ ẹ ṣe máa dé Harwich náà, ẹ tètè rò ó, ọ̀pọ̀ rélùwéè ní UK kì í gba kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ wá ẹni tó ní ọkọ̀ akẹ́rù (van) tàbí kẹ́ ẹ gùn ún débẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa wọnú ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti la ojú yín dáadáa. Ẹ máa wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn tírélà, awakọ̀ tó wà lókè lọ́hùn-ún lè má rí yín rárá, torí náà ẹ gbé àsíá yín sókè, ẹ tan iná iwájú àti tẹ̀yìn, ọ̀sán ni o òru ni o. Irin ni wọ́n fi ṣe afárá tẹ́ ẹ máa gùn wọlé, tí òjò bá sì ti pa á, ó máa ń yọ̀, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti yín lọ, tí ò bá sí ẹrù lórí ẹ̀ á kàn máa yí lójú kan náà. Ẹ di ẹrù tó wúwo mọ́ ẹ̀yìn, ẹ ti fi sí gíà tó fúyẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ẹsẹ̀ afárá, ẹ wa pẹ́dà jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá fi ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí hàn yín, ẹ fi búrẹ́ẹ̀kì ìdúró sí i, torí tíráìkì kì í ṣubú àmọ́ ó máa ń yí lọ. Ẹ mú okùn tiyín dání àti àkísà tẹ́ ẹ máa fi sáàárín okùn àti irin kó má baà họ ọ́. Ẹ mú pásípọ́ọ̀tù, oògùn àti aṣọ òru sínú báàgì kékeré kan gòkè, torí tí ọkọ̀ bá ti gbéra wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ padà sísàlẹ̀.

Àwọn tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tàbí ibi tó jìn ò lè bọ́ lọ́wọ́ bàálù. Tíráìkì tó ní bátìrì, ẹ gbàgbé bàálù: tí bátìrì bá ti kọjá 160 Wh (ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ẹ̀), bàálù tó ń kó èrò ò ní gbé e, bátìrì kẹ̀kẹ́ sì sábà máa ń ju 400 Wh lọ. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ yín nìkan ló ń wà á, ìwọ̀n ẹrù ni wàhálà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù fẹ́ kílò 23 fún ẹrù kan, tó bá sì ti kọjá 32, wọn ò ní gbà á. Tíráìkì fúnra ẹ̀ sábà máa ń tó kílò 15 sí 20, páálí náà sì wúwo, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kéèyàn pín in sí páálí méjì, ìjókòó, táyà àti báàgì nínú ọ̀kan, irin nínú èkejì. Páálí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ò ní gba irin iwájú yẹn torí ó fẹ̀ jù, ti tẹlifíṣọ̀n ńlá ló sàn jù.

Ẹ tú u fúnra yín, ẹ má gbé e fún mẹkáníìkì, torí ẹ̀yin náà lẹ máa tò ó lọ́hùn-ún. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sípánà, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́, pàápàá ibi tí ṣéènì gbà kọjá, ṣéènì tíráìkì gùn gan-an, ó sì lè rú yín lójú tó bá yá. Ẹ lẹ téèpù mọ́ irin gígùn tó gbé pẹ́dà níbi tó wọlé dé kẹ́ ẹ tó fà á yọ, torí ibẹ̀ ló bá ẹsẹ̀ yín mu, tẹ́ ẹ bá sì gbé e síbòmíì ṣéènì á gùn jù tàbí kó kúrú. Pẹ́dà òsì, ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa yí i sí kó tó tú. Tó bá jẹ́ búrẹ́ẹ̀kì olóyìlì, ẹ fi páálí kékeré sáàárín páàdì méjèèjì, kí wọ́n má baà pàdé tí nǹkan bá ṣèèṣì tẹ búrẹ́ẹ̀kì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń darí táyà iwájú méjèèjì, ẹ bá mi fi í sílẹ̀ bó ṣe wà o! Tó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ẹ ò sì ní mọ̀ títí táyà á fi rí pẹlẹbẹ. Ibi tẹ́ ẹ ti yọ táyà iwájú máa ń ṣẹ́ ku irin ṣóńṣó, ẹ fi fóòmù wé e dáadáa, òun ló máa ń lu páálí jáde.

Gbogbo nọ́ọ̀tì àti bọ́ọ̀tì, ẹ dá wọn padà sójú ihò wọn lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ nǹkan kúrò. Álénkì, sípánà pẹ́dà, páǹpù àti tíúbù ínṣì 20 méjì, inú ẹrù tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ ni kí wọ́n wà, kì í ṣe báàgì ọwọ́, wọ́n lè gba irin lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Australia tàbí New Zealand, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà kó mọ́ tónítóní, wọn ò gba ìdọ̀tí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kan àpótí fi ránṣẹ́, pákó gidi gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀ ISPM 15, ìyẹn àmì pé wọ́n ti pa kòkòrò inú igi náà, páláńkì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni ò nílò ẹ̀.

Ẹ mú rìsíìtì tíráìkì yín dání, tàbí fọ́tò nọ́ńbà ara irin ẹ̀, kí kọ́sítọ́ọ̀mù má baà rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́hùn-ún ni tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú UK ò gbà yín wọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bíi Netherlands àti France tó jọ ń lo físà kan náà, ẹ gbọ́dọ̀ gba físà, orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí jù nínú ìrìn àjò náà lẹ máa lọ bá, ẹ tètè ṣe é kẹ́ ẹ tó san owó tí wọn ò ní dá padà.

Ti páálí ló kù. Ẹ gba hótẹ́ẹ̀lì kan náà fún alẹ́ àkọ́kọ́ àti alẹ́ ìkẹyìn, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n ṣáájú bóyá wọ́n lè bá yín tọ́jú páálí títí ẹ máa fi padà dé, ọ̀pọ̀ á gbà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tò ó tán níbẹ̀, ẹ gùn ún yí ká àdúgbò láì di ẹrù kankan mọ́ ọn, ẹ tẹ búrẹ́ẹ̀kì lágbára bíi mélòó kan, ẹ tún wá mú gbogbo bọ́ọ̀tì le lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ tó di báàgì mọ́ ọn.