Tí ẹ̀pà bá bọ́ sọ́mọ láyà

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tọ́mọ bá ń jẹ ẹ̀pà tó ń sáré kiri tó wá ń húkọ́ lójijì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Tó bá ṣì ń sunkún, ẹ jẹ́ kó húkọ́ ẹ̀. Tí kò bá lè mí mọ́, ẹ tẹ orí ẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbá a lẹ́yìn láàárín èjìká lẹ́ẹ̀márùn-ún. Tí kò bá jáde, ẹ fi ìkúùkù tẹ ikùn ẹ̀ wọlé sókè lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan, ẹ má tẹ ikùn ẹ̀, àárín àyà ni kẹ́ ẹ tẹ̀.

Ikọ́ yẹn lè dákẹ́ o, àmọ́ ẹ gbétí lé e láyà, tó bá ń dún fíì bíi fèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀pà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ máa gbé e lọ ilé ìwòsàn ńlá, bíi LUTH n'Ídí-Àràbà tàbí LASUTH n'Íkẹjà l'Ékòó, ẹ má fún un lóúnjẹ torí wọ́n máa kùn ún lóorun, kẹ́ ẹ sì sọ pé ẹ̀pà ni, torí ẹ̀pà kì í sábà hàn lára ẹ́síréè.

Wọn kì í sábà la àyà: páìpù tóóró tó níná ni wọ́n ń tì gba ẹnu wọlé, wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré fà á jáde. Dókítà Gustav Killian ní Jámánì ti fi irú ẹ̀ yọ eegun ẹlẹ́dẹ̀ láyà ẹnì kan lọ́dún 1897.