Ewé Ń Pọ́n, Wọ́n Sáré Mú Yúríà

Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin kan gun zẹ́mì, ọ̀kadà wa, láti Ouando ní Porto-Novo wá bá mi lọ́gbà òdòdó, ó gbá ìkòkò òdòdó ixora mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tára rẹ̀ ò yá.

"Bàbá, ẹ gbà mí, ewé rẹ̀ ń pọ́n."

"Àbúrò, kí lo fún un?"

"Ajílẹ̀ yúríà. Kò gbọ́, mo bá fi ajílẹ̀ 15-15-15 lé e."

Mo wo etí ìkòkò: iyọ̀ ajílẹ̀ funfun ti gbè mọ́ ọn bíi ti ẹja gbígbẹ. Etí ewé ti jó di àwọ̀ tábà. Inú mi ru. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Ẹ má da ajílẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ẹ bomi rin ín ná.

2. Ìgbẹ́ adìẹ tútù? Ẹ jẹ́ kó jẹrà tán.

3. Èyí gan-an ló ń dùn mí. Ẹni tó bá ti rí ewé pípọ́n, yúríà ló ń ná fáráńkì lé. Kílò 46 nínú 100 kílò yúríà ni náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ igi; kò sí irin, oúnjẹ igi mìíràn, nínú rẹ̀ rárá. Ẹ wo ibi tí pípọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀! Bó bá jẹ́ ewé àgbà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, tí gbogbo ara ewé náà pọ́n tiṣan-tiṣan, náítírójìn lè wọ́n lóòótọ́. Igi a máa fà á kúrò lára ewé àgbà fún ewé tuntun. Àmọ́ bó bá jẹ́ ewé tuntun ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé tútù bí àwọ̀n, irin ló ń wá. Irin kì í ṣí kúrò lára ewé àgbà. Ixora inú ìkòkò sìmẹ́ǹtì ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: ohun tó ń yọ́ lára sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí irin mu, bó tilẹ̀ wà nínú iyẹ̀pẹ̀.

Èmi tí mò ń bú yín yìí ńkọ́? Ìkòkò sìmẹ́ǹtì 22 ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òdòdó. Yúríà ni mo kọ́kọ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n túbọ̀ ń pọ́n, mo rántí pé ìyá àgbà mi a máa wọ́n eérú sórí ẹ̀fọ́, ni mo bá bu eérú sí gbogbo wọn. Ohun tó wà nínú sìmẹ́ǹtì náà ló wà nínú eérú! Mẹ́sàn-án ló yè. Ìkòkò òfìfo ni mo tà.

Ẹ̀kẹrin ni àbí ìkarùn-ún? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ewé ránṣẹ́ sí láàbù fún àyẹ̀wò, ẹ má ṣa èyí tó já bọ́ sílẹ̀. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó tán ni, látara igi púpọ̀. Ẹ ya ti aláìsàn sọ́tọ̀ sí ti èyí tára rẹ̀ le, kí wọ́n lè fi wéra. Inú àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá; ewé á jẹrà nínú ọ̀rá. Ẹ má sì já ewé tẹ́ ẹ fọ́n ajílẹ̀ sí lánàá.

Ìkòkò tí kò ní ihò nídìí, ẹ lu ú.

Mo bu omi sí ixora ọmọbìnrin yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ń ṣàn jáde nísàlẹ̀, mo sì pàrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó gun zẹ́mì, ó wá yíjú padà: "Bàbá, yúríà tó kù nílé, ṣé kí n fi í sí òdòdó híbísíkọ̀sì?"