Ẹ yéé fi ẹ́ńsáìmù ṣòfò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú wíwọn agbára sẹ́lúléèsì

Ẹ̀yin ará làábù, ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára tipẹ́. Owó gọbọi là ń fi ra sẹ́lúléèsì, ẹ́ńsáìmù tó ń gé sẹ́lúlóòsì (okun ara igi àti ewéko) di ṣúgà, láti òkè òkun, ojú mi báyìí ni àwọn ọmọ tuntun ṣe ń dà á nù.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi CMC (sẹ́lúlóòsì tí wọ́n ti fi kẹ́míkà yí padà) nìkan dán an wò. Ó ń yòrò nínú omi, igi kì í yòrò. Ẹ́ńsáìmù tó gé CMC lè máa wo ṣúkù àgbàdo níran.

Èkejì, èèpo ẹ̀gẹ́. Sítáàṣì kún inú rẹ̀. Bí àmíléèsì (èyí tó ń gé sítáàṣì di ṣúgà) bá wà nínú ẹ́ńsáìmù yín, ibo lẹ ti mọ̀ pé inú sẹ́lúlóòsì ni ṣúgà yẹn ti wá?

Ẹ̀kẹta: bùláǹkì ẹ́ńsáìmù, ìyẹn túùbù tó ní ẹ́ńsáìmù láìsí ohun tó máa jẹ. Ẹ ṣe é.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé o. Ìlànà IUPAC (àjọ àgbáyé fún ìmọ̀ kẹ́mísìrì) ti 1987 ṣe kedere: bébà fílítà Whatman No. 1, sẹ̀ǹtímítà 1 × 6, mg 50, nínú bọ́fà (omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ìkan yí padà) pH 4.8, ní 50°C, fún wákàtí kan. Ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù tí yóò fa glúkóòsì mg 2.0 yọ là ń wá, kì í ṣe iye ṣúgà tó bá ṣáà jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bu bọ́fà la ẹ́ńsáìmù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi lásán. Túùbù ẹyọ kan ló lò, glúkóòsì mg 0.4 péré ló jáde, ló bá sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè bá 2.0 mu. Nígbà tó ṣírò tán, ẹ́ńsáìmù tó gbà lára ebu lágbára ju èyí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń tà lọ! Mo ní kó lọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹni ń jẹ ẹran eegun ni: ibi tó rọ̀ lára bébà ni ẹ́ńsáìmù ń kọ́kọ́ jẹ, ibi tó so mọ́ra pinpin ló ń kù. Ẹ́ńsáìmù ìlọ́po méjì kì í mú ṣúgà ìlọ́po méjì wá. Nítorí náà, ó kéré tán, ẹ la ẹ́ńsáìmù sí ìwọ̀n méjì, ọ̀kan kó lé díẹ̀ lórí mg 2.0, ọ̀kan kó dín díẹ̀. Ẹ wá ibi tí mg 2.0 bọ́ sí láàárín wọn, kí ẹ fi ìwọ̀n ẹ́ńsáìmù ibẹ̀ pín 0.37, ìyẹn ni agbára ẹ́ńsáìmù yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti dín ẹ́ńsáìmù kù sí ml 0.2, 0.37 kì í ṣe tiyín mọ́: 2.0 ni wọ́n fi 0.18 × 0.5 × 60 pín, ml 0.5 ẹ́ńsáìmù sì ni 0.5 yẹn (0.18 ni mg tó wà nínú micromole glúkóòsì kan, 60 ni ìṣẹ́jú). Bàbá Fílítà ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn nítorí ẹjọ́ yìí. Mo gbà.

DNS, èròjà tó ń yí àwọ̀ padà tí a fi ń wọn ṣúgà, ńkọ́? Ìṣẹ́jú 5 gééré ni kó fi hó, kí túùbù ìtọ́kasí yín (èyí tí ẹ mọ iye ṣúgà inú rẹ̀) sì wà nínú ìkòkò kan náà.

Bí iná bá lọ láàárín wákàtí yẹn, ẹ tún un ṣe.

Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹ́ńsáìmù àti ohun tó ń jẹ sílẹ̀ di ọjọ́ mẹ́ta, kó fi sodium azide sí i kí kòkòrò àìfojúrí má bàa jẹ ṣúgà náà tán. Májèlé ni o. Ẹ má fẹnu fa pìpẹ́ẹ̀tì.