Òfin gúrúùpù WhatsApp tó mú àgbà, tó mú ọmọdé

Gúrúùpù akẹ́kọ̀ọ́jáde, ti onílé àdúgbò, ti mọ̀lẹ́bí: ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà bàjẹ́. Ẹnìkan á ju fídíò ìjàmbá ọkọ̀ síbẹ̀ ní ìdájí. Ẹlòmíràn á bú u. Ẹni kẹta á ní "ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa ni." Àwọn tó ń mú ọ̀rọ̀ gidi wá á sì máa yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2022, WhatsApp kì í kéde ẹni tó jáde fún gbogbo gúrúùpù mọ́, ádímìn nìkan ló ń sọ fún. Nítorí náà, bí ẹ ò bá máa wo iye èèyàn yín, gúrúùpù lè ti ṣófo kí ẹ tó fura.

Gúrúùpù tó ní àádọ́ta èèyàn sókè la ní lọ́kàn níbí. Ẹni tó bá ní ogún èèyàn péré, tí gbogbo wọn mọ ara wọn lójú, kò nílò ju kí ó pe ẹni tó ṣẹ̀ lórí fóònù.

Ádímìn ni kí ẹ kọ́kọ́ tò

Ẹ yan mẹ́ta tàbí márùn-ún, kì í ṣe mẹ́rin, kí ìbò má baà dọ́gba. Ẹ má fi ẹnìkan ṣoṣo síbẹ̀ láé. Bí ádímìn kan ṣoṣo bá jáde, WhatsApp fúnra rẹ̀ ló máa mú ẹni tó bá rí fi rọ́pò rẹ̀, ẹni náà sì lè jẹ́ oníwàhálà yín gan-an.

Bí ẹ bá ní ọmọ ẹgbẹ́ lókè òkun, kí ọ̀kan nínú àwọn ádímìn wà níbẹ̀. Nígbà tí aago méjìlá òru bá lù ní Ìbàdàn, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ní Houston, ìyẹn ni pé ẹni tó wà ní Houston lè mójú tó ìjà òru tí ẹ̀yin ti sùn lé lórí. Ó kéré tán, kí obìnrin kan wà lára wọn. Obìnrin tí ọkùnrin kan ń yọ lẹ́nu nínú àpótí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní sọ fún ádímìn ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Kí àwọn ádímìn ní gúrúùpù kékeré tiwọn. Ẹnìkan lè dá pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó yọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi ìṣètò gúrúùpù. Ẹ ṣe é kí ádímìn nìkan lè yí orúkọ àti àwòrán gúrúùpù padà, kí ẹni tuntun sì máa gba àṣẹ ádímìn kí ó tó wọlé. Bí líǹkì yín bá ti bọ́ sí ìta, ẹ sọ ọ́ di tuntun, èyí àtijọ́ á kú.

Ohun tí ọwọ́ ṣe ni kí òfin sọ

"Ẹ bọ̀wọ̀ fún ara yín" kì í ṣe òfin, àdúrà ni. Ẹni tó ń búni gbà pé òun ń bọ̀wọ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí, tí a sì lè tọ́ka sí, kí ó má ju méje lọ. Báyìí ni ó ṣe lè rí:

1. Ọ̀rọ̀ àtagbà tó bá ní àmì ọfà méjì kò gbọdọ̀ wọlé, àfi tí ẹ bá ti fúnra yín pe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.
2. Kò sí àwòrán tàbí fídíò òkú, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìhòòhò.
3. Ìpolówó ọjà di Sátidé, ẹ̀ẹ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
4. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, aago Nàìjíríà, ìkéde ikú àti ọ̀rọ̀ pàjáwìrì nìkan.
5. Akápò ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀ gbèsè owó ẹgbẹ́, kì í ṣe gbogbo ilé.
6. Ẹ má bú ẹ̀sìn, ìlú tàbí òbí ẹnikẹ́ni.
7. Ẹ má ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ níbí gbé lọ síta.

Ọfà méjì tí òfin kìíní sọ, WhatsApp ló ń fi í sí ọ̀rọ̀ tó ti gba ọwọ́ èèyàn márùn-ún kọjá, ó kéré tán. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ibi kan ṣoṣo ni èèyàn sì lè ta irú rẹ̀ látagbà sí lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọmọ yìí sọnù, ẹ bá wa pín in" lè ti pé ọdún mẹ́ta, kí ọmọ ọ̀hún sì ti wà nílé tipẹ́, kí nọ́ńbà ìyá rẹ̀ máa dún títí di òní. Ìpè kan péré á fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdúrà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àdúrà gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀, iye rẹ̀ ni. Bí àwọn ẹlẹ́sìn kan bá fi mẹ́wàá sọwọ́ ní ọjọ́ Àìkú tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀, tí wọ́n wá ní kí ẹni tó fi "Jímọ̀ Mùbárákà" kan ránṣẹ́ rọra ṣe, ẹ ti rí ìjà. Ọ̀kan ní Jímọ̀, ọ̀kan ní Àìkú, kí ádímìn fúnra rẹ̀ máa gbé e síta, ó tán.

Ẹ fi òfin náà sínú àlàyé gúrúùpù, kí ẹ sì kàn án mọ́ òkè (pin). Ọgbọ̀n ọjọ́ ni ohun tí a kàn mọ́ òkè ń pẹ́ jù níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnìkan nínú àwọn ádímìn máa tún un kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ẹ fún àwọn èèyàn ní ọjọ́ méje láti sọ èrò wọn lórí òfin kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin tí wọn ò bá yín dá sí ni wọ́n máa ń ní àwọn ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ni ìdánwò àkọ́kọ́

Kò ní pẹ́ tí olóyè tàbí ààrẹ àná á fi rú òfin, gbogbo ilé á sì dákẹ́, wọ́n ń wò yín. Bí ẹ bá fojú fo ìyẹn, kò sí ọmọ ọdún márùndínlógún tí ẹ tún lè bá wí. Àmọ́ a kì í bá àgbà wí láàárín ọjà. Ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ádímìn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí tó jù ú lọ sì kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀ láàárín wákàtí kan:

"Ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ̀gbọ́n wa. A rí fídíò ìjàmbá tí ẹ fi sọwọ́. Ó bọ́ sábẹ́ òfin kejì, mo sì ti pa á rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ará ọ̀nà náà ṣọ́ra, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa rí i. Ẹ ṣeun sà."

Ìkíni wà níbẹ̀, nọ́ńbà òfin wà níbẹ̀, ohun tí ẹ ti ṣe àti ọ̀nà mìíràn tí ó lè gbà wà níbẹ̀. Kò sí "ẹ dákun, ẹ má bínú." Ẹni tó ń tọrọ àforíjì nítorí pé ó mú òfin ṣẹ ti sọ pé òfin náà burú.

Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú gúrúùpù àwọn ádímìn, kí ẹ kọ ọjọ́, nọ́ńbà òfin àti ohun tí ẹ ṣe tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ̀rí ti lọ, orúkọ ádímìn tó pa á rẹ́ nìkan ló kù síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti rí.

Ní ìgbà kejì, ẹ kọ ọ́ síta láìdárúkọ: "Òfin kẹta: ìpolówó di Sátidé." Ní ìgbà kẹta láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ yọ ọ́ fún ọjọ́ méje. WhatsApp kò fún ádímìn láyè láti pa ẹnu ẹnìkan ṣoṣo dé bí Telegram ti ń ṣe: yálà kí ẹ ti gbogbo ilé pa, tàbí kí ẹ yọ ẹni náà. Ìhalẹ̀mọ́ni, ìhòòhò àti jìbìtì kò ní ìgbà kìíní, yíyọ ni. Ẹ sì rántí pé kì í ṣe òfin yín nìkan ló kan ìhalẹ̀mọ́ni: òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà, ti ọdún 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, kàn án pẹ̀lú.

Bí ìjà bá ti gbóná, tí èèyàn mẹ́ta sókè ń fèsì síra wọn, ẹ má bá wọn dá sí i. Ẹ ti gúrúùpù pa kí ádímìn nìkan lè kọ̀wé, kí ẹ gbé gbólóhùn kan síta: "A ti ilé pa di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la." Kí aago tí ẹ dá sì jẹ́ òótọ́. Gúrúùpù tí a tì pa ju ọjọ́ kan lọ, ẹnìkan á ti ṣí òmíràn.

Nọ́ńbà tí wọ́n jí gbé

Ọmọ ẹgbẹ́ yín tí kì í tọrọ owó, tó ṣàdédé kọ ọ́ pé òun fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà títí di ọ̀la, tàbí pé òun ń ta dọ́là ní pọ́ọ́kú: ó ṣeé ṣe kí olè ti gba WhatsApp rẹ̀. Ẹ yọ nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀, ìgbìmọ̀ ò sí níbí. Ẹ wá pè é lórí fóònù gidi, ẹ má kọ̀wé, olè náà ló máa dá yín lóhùn. Ẹ sọ fún gbogbo ilé pé "olè ti gba WhatsApp rẹ̀, ẹ má sanwó," kí ojú má tì í. Ohun tó ń fà á ni nọ́ńbà mẹ́fà ìwọlé tí wọ́n fi ẹ̀tàn gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá gbà á padà, kí ó fi nọ́ńbà àṣírí onímẹ́fà kejì (two-step verification) tì í kí ẹ tó fi í padà.

Ẹni tí ẹ yọ fún ọjọ́ méje lè fẹ́ ṣàròyé. Kí ádímìn tí kò sí nínú àwọn tó yọ ọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ó sì ṣí àkọsílẹ̀ wò. Bí ọjọ́ bá ti pé, ẹ fi í padà kí ó tó bèèrè, ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí ẹni tó ti ìrìnàjò dé, kí ẹnikẹ́ni má sì mú ọ̀rọ̀ àná wá.