Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kábáìdì kọ̀, kò rọ̀: bí mo ṣe ṣe dòdò Ìkirè nílé

Inú ló bí mi tí mo fi gbé epo kaná. Àwa kan wà níbi iṣẹ́ wa ní Abẹ́rẹ́ tí ẹnu wa kì í dilẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti ń lọ sópin, ẹnì kan á gbé ìpanu wá, gbogbo wa á sì pé lé e lórí. Nígbà tó kàn mí, mo ní dòdò Ìkirè ni n ó gbé wá. Mo bẹ awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìbàdàn pé kó bá mi rà á bọ̀, torí ó máa ń gba Ìkirè kọjá kó tó yà ní Gbọ̀ngán. Owó tó bá mi ná lé e, mo lè fi ra odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó kó dé kò kún àtẹ́lẹwọ́: inú ọ̀rá ni wọ́n dì í sí, ó le gbagidi, epo àná sì ń rùn lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n bí ní Ìkirè gan-an fi sẹ́nu, wọ́n tu ú sí bébà, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Àbúrò, ta ló ní kó o fi èyí bú wa?"

Ojú tì mí, inú sì tún bí mi. Kí ló wà nínú dòdò Ìkirè ná? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, epo pupa, ata gígún, iyọ̀. Ó tán. Ìtàn tí a bá lẹ́nu àwọn àgbà tilẹ̀ ni pé ìyá kan tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù nìkan ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ ló fi ọgbọ́n dá a, kó má baà ṣòfò. Mo ní bí ìyá yẹn bá lè ṣe é, èmi náà á ṣe é.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ló jẹ́ kí ojú mi rí màbo. Mo dé ọjà, mo rí èyí tó pọ́n yòò, tí ara rẹ̀ ń dán, tí kò ní àbàwọ́n kankan. Mo ṣàlàyé fún ìyá tó ń tà á pé mo fẹ́ èyí tí yóò rọ̀ gan-an, pé kì í ṣe dòdò lásán. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi, kí ẹ tó délé, ó ti rọ̀." Mo sanwó, n ò tilẹ̀ ná an dan-in dan-in.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò rọ̀. Èèpo ń dúdú, ibi ọrùn rẹ̀ ń jẹrà, omi ti ń jáde lára òmíràn, ṣùgbọ́n bí mo bá fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ á funfun, á le bí iṣu tútù. Mo tọ́ ọ wò, kò dùn, kò korò, kò jọ nǹkan kan. Òórùn aládùn tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n máa ń ní kò sí níbẹ̀ rárá. Ìyàwó mi ń kọjá lọ, ó ń bọ̀, kò sọ nǹkan. Nígbà tó yá ó ní, "Dádì, ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín yìí ṣá pé ẹ ń retí rẹ̀?"

Ọmọkùnrin ajórinmọ́rin tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ilé wa ló tú àṣírí rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó wo ọrùn rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kábáìdì ni. Ohun tí èmi fi ń jó irin ni wọ́n fi sí i." Ó fi òkúta eérú kan hàn mí, ó kán omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, òórùn burúkú sì ta sí mi nímú. Gáàsì asẹtilíìnì tó fi ń jó irin nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi bébà wé òkúta yìí, wọ́n á tì í sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀. Ìwọ̀nba omi tó wà lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló ń tú gáàsì jáde. Èèpo á pọ́n wàrà, inú á wà bó ṣe wà, pàápàá tó bá jẹ́ pé kò gbó kí wọ́n tó gé e. NAFDAC ti kìlọ̀ rẹ̀ títí, torí kábáìdì tí wọ́n ń tà yìí máa ń ní ásẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, májèlé sì ni ásẹ́níìkì.

Mo gbé e padà lọ sọ́jà. Ìyá yẹn ní bí àgbẹ̀ ṣe kó o wá nìyẹn, àwọn ò fi nǹkan kan sí i. Kọ́bọ̀ kò padà sọ́wọ́ mi. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, n ò tilẹ̀ jẹ́ kí ewúrẹ́ àdúgbò fẹnu kàn án. Títí di ìsinsìnyí, tí mo bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń dán lọ́jà, ìbínú ni mo ń bá kọjá.

Tútù ni mo wá rà, èyí tó ti gbó, tí igun ara rẹ̀ ti ń di roboto. Mo kó o sínú àpò ìrẹsì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n, mo dì í lẹ́nu. Èso tó ti pọ́n máa ń tú gáàsì tirẹ̀ jáde, ẹtilíìnì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ fún èyí tó kù pé àsìkò tó. Kò gba kábáìdì.

Àmọ́ nígbà tó pọ́n tó dòdò ni ogun tún dé. Àwọn ọmọ ní ìrẹsì ò lè dá lọ. Mo ní kò tíì pọ́n tó. Wọ́n ní ó ti pọ́n. Mo jí lọ́jọ́ kan, àpò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, gbogbo ilé sì ń wojú mi bí ẹni tí kò mọ̀wé. Ni mo bá ti ìyókù mọ́ búùtù ọkọ̀. Òun ni mo ń gbé lọ gbé bọ̀ láti ilé sí Abẹ́rẹ́, títí èèpo rẹ̀ fi dú kirikiri. Ooru búùtù tilẹ̀ ràn mí lọ́wọ́.

Dídín rẹ̀ kò le. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo bu ata gígún àti iyọ̀ sí i, mo dín in díẹ̀díẹ̀ nínú epo pupa tó gbóná ṣùgbọ́n tí n kò yọ̀ funfun, ó sì dúdú dáadáa kí n tó kó o sínú asẹ́. Gbígbóná rẹ̀ ni mo ti fi ewé eéran tẹ́ inú ife kékeré, mo kó o sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí epo lè jáde. Ẹ má fi ọ̀rá dì í ní gbígbóná: á làágùn, á sì tètè bàjẹ́. Òróró kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Epo tí ẹ ti fi dín nǹkan tẹ́lẹ̀ náà, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e débi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa ará Ìkirè jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ èkejì, wọ́n wá ní, "Ta ló bá ọ ṣe é?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní ata rẹ̀ ò tíì tó. Wọ́n sì kó mẹ́ta sápò.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí nígbà tí n ó tún ṣe é. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́, kó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Dúdú ni kó gbé wá o, kó má gbé èyí tó ń dán wá bá mi.